Bẹ́ ẹ ṣe máa so omi, ojú ọjọ́, oko àti owó pọ̀ nínú mọ́dẹ̀lì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbà ṣáá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì á béèrè, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ á béèrè, ẹni tó fẹ́ ra pọ́ǹpù á tún béèrè: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń so òjò mọ́ oko, tẹ́ ẹ tún ń so oko mọ́ owó, tó fi ń jáde bí ìṣirò kan?" Mo ti ń fi voice note dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti bí ọdún méjì, torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e bó ṣe wà.

Mọ́dẹ̀lì tí mò ń sọ yìí, ìṣirò lásán ni o. Ó ń sọ pé tí nǹkan báyìí bá yí, nǹkan tọ̀hún náà á yí, á sì sọ bó ṣe máa pọ̀ tó. Àpẹẹrẹ tí màá lò jálẹ̀ ni àkùrọ̀ kan lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀ níbí, lápá ọ̀nà Ẹdẹ, níbi tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo nígbà òjò, tí wọ́n sì ń fi pọ́ǹpù bomi rin tòmátì àti ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá jẹ́ Iléṣà lẹ wà, ẹ pààrọ̀ orúkọ odò, ọ̀nà kan náà ni. Iye owó tí mo bá dá, àpẹẹrẹ ni, ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Fóònù tàbí laptop tó ní Excel tàbí Google Sheets
- Ìwé ńlá kan, pẹ́ńsù, bírò pupa
- Agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dúró ṣánṣán, àti rúlà
- Téèpù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, àti ọsàn kan (màá ṣàlàyé ti ọsàn)
- Àkọsílẹ̀ owó ọjà, kódà kó jẹ́ ti ọdún kan péré
- Àgbẹ̀ kan tó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn tí kì í bá yín tan ara yín

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú ìbéèrè kan ṣoṣo

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ ṣe mọ́dẹ̀lì omi, ojú ọjọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lódindi. Oṣù mẹ́fà á kọjá, kò ní sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ju àwòrán tó kún fún ọfà lọ.

Ìbéèrè tó dáa máa ń sọ ta ni, níbo, ìgbà wo, àti èló. Ti àkùrọ̀ wa nìyí: *Àwa márùn-ún là ń lo odò yìí báyìí, tí èèyàn méje bá tún kún wa, ṣé omi á tó wa títí dé òpin oṣù kejì, kí ló sì máa kù sọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan?*

Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ fi nǹkan kún mọ́dẹ̀lì, ẹ wo ògiri yẹn. Tí nǹkan ọ̀hún ò bá lè yí ìdáhùn padà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yàwòrán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà

1. Ẹ ya àgbá mẹ́rin. Ohun tó ń dúró síbì kan, tó ń pọ̀ tó sì ń dín, òun ni àgbá: omi inú ilẹ̀ oko, omi inú odò, irè tó wà nínú àká, owó tó wà lọ́wọ́.
2. Ẹ fa ọfà láti ara ohun tó ń fa ọ̀rọ̀ sí ara ohun tí ọ̀rọ̀ ń bá. Tí wọ́n bá jọ ń gòkè, ẹ kọ + sí i. Tí ọ̀kan bá ń gòkè tí èkejì ń wálẹ̀, ẹ kọ −.
3. Ẹ fi ìka tọ ọfà kọ̀ọ̀kan lọ. Èyí tó bá gbé yín yípo padà síbi tẹ́ ẹ ti gbéra, ẹ fi bírò pupa kùn ún. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí mọ́dẹ̀lì wà, a ó padà síbẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 8.
4. Ẹ fi ìlà kan yí gbogbo ẹ̀ ká. Ohun tó bá wà níta ìlà, ẹ kàn máa gba iye ẹ̀ bó bá ṣe wá ni, bí owó epo bẹntiróòlù àti iye náírà sí dọ́là.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti kòkó, kó fiyè sí ìlà yìí gidi gan-an. Òjò Ifẹ̀ ló ń pinnu bí kòkó yín ṣe máa so, òjò àpọ̀jù náà ló ń jẹ́ kí èso máa dúdú kó máa jẹrà lórí igi, ṣùgbọ́n òjò Ifẹ̀ kọ́ ló ń pinnu iye tí wọ́n máa rà á. Côte d'Ivoire àti Ghana nìkan ló ń kó ju ìdajì kòkó gbogbo ayé jáde, ọdún tí ti àwọn yẹn ò bá dáa ni owó ń gun òkè, bó ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000. Torí náà, ẹ má fa ọfà kankan láti òjò oko yín lọ sí owó kòkó, irọ́ nìyẹn máa jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá détà òjò àti ooru

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NASA POWER, ìkànnì tí NASA ń kó détà ojú ọjọ́ sí, torí kò gba kọ́bọ̀. Fún Ilé-Ifẹ̀ ẹ fi 7.48 sí latitude àti 4.56 sí longitude, fún Iléṣà ẹ fi 7.62 àti 4.74. Ẹ yan daily, ẹ mú òjò, ooru tó ga jù lójúmọ́ àti èyí tó kéré jù, láti 1981 wá, kẹ́ ẹ sì gbé e wọlé bíi CSV, ìyẹn fáìlì tí Excel lè ṣí.

Ìkìlọ̀: ọjọ́ tí wọn ò bá ní détà, −999 ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ wá a, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tó ro ohunkóhun pọ̀. Mo ti rí iṣẹ́ àṣekágbá tí òjò oṣù kan di òdì, tí ẹni tó ṣe é ò sì mọ̀ títí wọ́n fi bi í léèrè níwájú gbogbo èèyàn.

Ìkejì, nọ́ńbà kan nínú NASA POWER ń dúró fún ibi tó fẹ̀ tó nǹkan bí 50 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ òjò tó rọ̀ ní Lágéré lè má kan ẹni tó wà ní Mọdákẹ́kẹ́. CHIRPS, àkọsílẹ̀ òjò tí wọ́n ń fi sátẹ́láìtì ṣe, sàn jù fún òjò, torí tiẹ̀ wà ní bíi kìlómítà 5, òun náà bẹ̀rẹ̀ láti 1981. Tẹ́ ẹ bá lè rí ti NiMet, àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, gbà, ẹ fi ṣe àfiwé. Àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún náà dáa láti mọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dá.

Ṣùgbọ́n ẹ ní òjò tiyín lọ́wọ́. Ẹ gbé agolo yẹn sí gbangba, níbi tí igi ò ti ṣíji bò ó, ẹ fi òkúta ti ẹsẹ̀ ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́. Tí omi bá ga tó 12 mm, a jẹ́ pé lítà 12 ló rọ̀ sórí mítà kan níbùú lóròó. Lórí éékà kan, òjò 1 mm lásán jẹ́ nǹkan bíi lítà 4,000, ìyẹn dúróòmù ńlá 20. Tẹ́ ẹ bá sọ eléyìí fún àgbẹ̀ tó ń fi korobá bomi rin ẹ̀fọ́, á jókòó gbọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe ìkòkò omi inú ilẹ̀

Ilẹ̀ oko dà bí ìkòkò, òjò ń rọ sí i lókè, oòrùn àti ewé ń fa omi jáde, tó bá kún àkúnya á ṣàn lọ. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò ju pé kẹ́ ẹ máa ka iye omi tó wà nínú ìkòkò yẹn lójoojúmọ́. Ẹ ṣí Excel, ẹ to òpó báyìí:

- A: ọjọ́
- B: òjò (mm)
- C: omi tí ojú ọjọ́ lè fà lọ lójúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ET0
- D: nọ́ńbà ohun ọ̀gbìn, tó ń sọ bó ṣe ń fa omi tó sí ET0, wọ́n ń pè é ní Kc
- E: bí ọ̀gbìn ṣe rí omi mu tó, láti 0 dé 1
- F: omi tí ọ̀gbìn fà ní ti gidi
- G: omi tó kù nínú ilẹ̀
- H: omi tó ṣàn lọ sódò

Ní ìlà 2, ẹ kọ omi ìbẹ̀rẹ̀ sí G2, ẹ jẹ́ ká fi 35 síbẹ̀. Láti ìlà 3 lọ:

1. E3: =MIN(1, G2/35)
2. F3: =C3*D3*E3
3. G3: =MAX(0, MIN(70, G2+B3-F3))
4. H3: =MAX(0, G2+B3-F3-70)

Ẹ wá fà á wálẹ̀ títí dé òpin. 70 yẹn ni ìtóbi ìkòkò, ìyẹn iye mílímítà omi tí ilẹ̀ tó ní iyanrìn díẹ̀ lè gbà dúró fún gbòǹgbò tó lọ tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ amọ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ olókùúta ò ní tó o. 35 jẹ́ ìdajì ẹ̀, torí nígbà tí omi bá ti dín sí nǹkan bí ìdajì ni àgbàdo ń bẹ̀rẹ̀ sí jìyà, ewé ẹ̀ á máa ká jọ lọ́sàn-án.

Fún òpó C, CropWat, software ti FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé), lè bá yín ṣe ìṣirò ẹ̀ láti inú ooru, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ gbìyànjú, ẹ fi 4 sí 5 mm lójúmọ́ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, 3 sí 4 fún àárín òjò, ẹ ò ní jìnnà sóòótọ́ nílẹ̀ Ifẹ̀. Fún òpó D, àgbàdo máa ń bẹ̀rẹ̀ ní 0.3 nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, á gòkè dé 1.2 nígbà tó ń yọ òdòdó, á tún wálẹ̀ nígbà tó bá ń gbó.

Ìkìlọ̀ kan: òjò ńlá tó rọ̀ ní wákàtí kan, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń wọlẹ̀. Èmi máa ń yọ ìdá márùn-ún kan kúrò lára òjò tó bá ju 40 mm lọ lójúmọ́, mo sì máa ń fi èyí tí mo yọ kún òpó H. Kì í ṣe òfin, ẹ wo bí ilẹ̀ yín ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó.

Kí ló dé tí mo fi ní ojoojúmọ́, tí mi ò ní òjò ọdún lápapọ̀? Bàbá kan tó ti ń roko lápá ibẹ̀ kí n tó dáyé ló kọ́ mi. Mo fi òjò ọdún bíi mélòó kan hàn wọ́n, mo ní ọdún báyìí dáa, òjò ẹ̀ pọ̀. Wọ́n mirí. Wọ́n ní ọdún yẹn gan-an làwọn gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì, torí òjò tan àwọn jẹ níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ó rọ̀ dáadáa ní ìgbà méjì, gbogbo ayé gbin, ló bá lọ, kò padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èso jóná sínú ilẹ̀. Ìgbà tó wá padà, ó rọ̀ títí, àròpọ̀ ọdún wá dára lójú ìwé. Mo lọ wo détà ojoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́. Látìgbà náà mi ò fi àròpọ̀ ọdún dájọ́ mọ́. August break náà ńkọ́, ọdún tó bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó pẹ́ gbin á jẹ ẹ́ níyà, àròpọ̀ ọdún ò sì ní fi hàn yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọn odò, ẹ wọn pọ́ǹpù

Ọsàn dé báyìí. Ẹ wá ibi tí odò ti lọ tààrà, ẹ fi téèpù wọn mítà 10, ẹ ri igi méjì mọ́lẹ̀. Ẹ ju ọsàn sómi lókè igi àkọ́kọ́. Ọsàn dáa ju ewé lọ torí ó máa ń rì díẹ̀, atẹ́gùn ò ní gbé e sáré. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé igi kejì, ẹ ṣe é bí ìgbà márùn-ún, ẹ mú àárín ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní, odò wa fẹ̀ tó 80 sẹ̀ǹtímítà, ó jìn tó 10, ọsàn sì lo ìṣẹ́jú àáyá 50. Ìṣirò ẹ̀ nìyí:

1. Eré omi: 10 ÷ 50 = mítà 0.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan
2. Omi tó ń kọjá: 0.8 × 0.1 × 0.2 × 0.85 = 0.0136 (0.85 yẹn wà níbẹ̀ torí omi òkè máa ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ)
3. Ẹ sọ ọ́ di lítà: nǹkan bí 13.6 ní ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn lítà 816 ní ìṣẹ́jú kan

Pọ́ǹpù ńkọ́? Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ gbọ́. Ẹ fi kún dúróòmù lítà 200 kan. Tiwa gba ìṣẹ́jú àáyá 40, a jẹ́ pé lítà 300 ló ń fà ní ìṣẹ́jú kan.

Oko náà ńkọ́? Ìdajì éékà jẹ́ bíi mítà 2,000 níbùú lóròó. Tí tòmátì bá fẹ́ 5 mm lójúmọ́, lítà 10,000 nìyẹn. Omi kan máa ṣòfò sójú ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká ní 3 nínú 10, torí náà ẹ máa fa bíi 14,300. Pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 48.

Ìgbésẹ̀ 6: Láti omi dé irè

FAO ní ìlànà kan látọdún 1979 tó ṣì wúlò gan-an: ìdá irè tó máa pòfo = Ky × ìdá omi tí ọ̀gbìn ò rí mu. Ky ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ̀gbìn kan ṣe ń jìyà tó tí omi bá wọ́n. Ti àgbàdo jẹ́ 1.25, ti tòmátì jẹ́ 1.05.

Àpẹẹrẹ: àgbàdo yín fẹ́ 360 mm látìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí (ẹ ro C × D ojoojúmọ́ pọ̀), ẹ ro òpó F pọ̀, ó fún yín ní 288. Ó dín 20 nínú 100. 1.25 × 20 = 25. Tó bá jẹ́ àpò 12 lẹ ń retí lórí éékà yẹn, 9 lẹ máa kó.

Tí omi bá ti wọ́n lásìkò tó ń yọ òdòdó, ìyà ẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ, ẹ lo 1.5 fún ìgbà yẹn nìkan. Ìlànà yìí ò mọ̀ nípa kòkòrò, ajílẹ̀ tàbí màlúù, ẹ rántí.

Ìgbésẹ̀ 7: Láti irè dé owó

1. Ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ máa jẹ nílé àti èyí tẹ́ ẹ máa fún èèyàn kúrò kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di owó.
2. Ẹ fi iye tí alájàpá ń rà á lóko ṣírò, kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Àárín méjèèjì fẹ̀.
3. Ẹ yọ owó lébìrà, irúgbìn, ọkọ̀, epo, àti èlé tẹ́ ẹ bá yáwó.
4. Ẹ béèrè: ṣé owó ọjà á yí tí irè bá dín?

Ìkẹrin yẹn lẹ máa rò dáadáa. Tí àpò bá wà ní ₦60,000, àpò 12 jẹ́ ₦720,000, 9 jẹ́ ₦540,000. Kẹ́ ẹ tó lè padà síbi tẹ́ ẹ wà tẹ́lẹ̀, àpò gbọ́dọ̀ gun dé ₦80,000. Ṣé á gùn ún? Tí ọ̀dá bá mú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú òkè Ọya, ó ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ agbègbè yín nìkan, àgbàdo ibòmíì máa wọlé, owó ò ní mì, gbogbo àdánù á wà lọ́rùn yín. Tòmátì pàápàá, wọ́n máa kó ti Hausa dé Sábó kí tiyín tó pọ́n.

Epo náà kò ṣeé fojú fo. Ìṣẹ́jú 48 lójúmọ́ fún ọjọ́ 60, wákàtí 48 nìyẹn. Tí pọ́ǹpù bá ń jẹ lítà kan ní wákàtí kan, lítà 48. Ní ₦200, ó jẹ́ ₦9,600. Ní ₦500, ₦24,000. Ní ₦1,000, ₦48,000. Ẹ rántí pé nígbà tí wọ́n kéde lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lítà kan fi kúrò nísàlẹ̀ ₦200 tó dé nǹkan bíi ₦500. Òjò ò yí, ilẹ̀ ò yí, síbẹ̀ ìdáhùn mọ́dẹ̀lì yí pátápátá. Ẹni tó bá so omi mọ́ oko láìso ó mọ́ epo ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ so ọfà pupa padà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró ní ìgbésẹ̀ 7, ó sì ń dùn mí, torí ibí gan-an ni àǹfààní iṣẹ́ náà wà. Owó tó wọlé lọ́dún yìí máa ń padà lọ bá omi lọ́dún tó ń bọ̀. Tí tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn bá mówó wá, àwọn tó ń wò láti ẹ̀gbẹ́ á ra pọ́ǹpù, a ò ní jẹ́ márùn-ún mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Nínú oṣù kìíní, lítà 816 ní ìṣẹ́jú kan fún wákàtí 10 jẹ́ nǹkan bíi 489,600. Oko ìdajì éékà kọ̀ọ̀kan ń gba 14,300. Oko 34 ló lè mu nínú ẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbí á ní omi pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ohun tí mọ́dẹ̀lì àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe sọ nìyẹn, mo sì gbà á gbọ́. Oṣù kejì dé, ẹnì kan pè mí láàárọ̀ kùtù pé kí n wá wo nǹkan. Mo débẹ̀, pọ́ǹpù mẹ́rin ń pariwo lókè odò, ọkùnrin tó ni oko tó gbẹ̀yìn dúró sínú ẹrẹ̀, hóòsì ẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́, ẹja wẹ́wẹ́ ń fò lórí àbàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ líle kankan sí mi, ó kàn ní, "Ẹ̀yin lẹ ní ó máa tó." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe. Ìkíní, mo ka omi ọjọ́ kan lódindi, àwọn èèyàn sì ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀. Pọ́ǹpù méjì jẹ́ lítà 600 ní ìṣẹ́jú, ó ṣì wà lábẹ́ 816. Ẹ̀kẹta sọ ọ́ di 900, odò tán níbẹ̀. Ìkejì, mo lo omi oṣù kìíní fún oṣù kejì. Tí odò bá já sí ìdá mẹ́rin kan, lítà 204 ló kù ní ìṣẹ́jú, kò tó pọ́ǹpù kan ṣoṣo, ẹ máa gbẹ́ kòtò kí omi lè kọ́kọ́ jọ. Ní wákàtí 10, ó jẹ́ 122,400, oko 8 ni. Tẹ́ ẹ bá fi ìdá mẹ́rin kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń pọnmi àtàwọn tó ń fọṣọ nísàlẹ̀ odò (ẹ sì gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀), 8 á di 6.

Bẹ́ẹ̀ èèyàn 12 ni ìbéèrè wa sọ. Ìdáhùn wá dé: omi ò ní tó wa dé òpin oṣù kejì, àfi tá a bá ń gbà á ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, tàbí kí àwọn kan gbin ohun tó ń yá, bíi tẹ̀tẹ̀, kí wọ́n sì kó o tán kí odò tó rẹlẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ ọ́ sínú Excel: ẹ ṣí ojú ewé tuntun, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún kan. Iye àwọn tó ń lo odò lọ́dún yìí = iye tọdún tó kọjá + àwọn tó wọlé tí èrè bá ju iye kan lọ − àwọn tó fi í sílẹ̀ tí èrè bá di òfo. Ẹ bi àwọn èèyàn léèrè iye èrè tó lè mú wọn ra pọ́ǹpù, wọ́n máa sọ fún yín.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ dán an wò lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀

Ẹ má fi ọdún kan náà kọ́ mọ́dẹ̀lì kẹ́ ẹ tún fi dán an wò. Tẹ́ ẹ bá ní ọdún mẹ́rin, ẹ fi mẹ́ta tún nọ́ńbà ṣe, ẹ tọ́jú ìkẹrin sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá wò ó bóyá á sọ ọ́ bó ṣe rí.

- Ṣé ọdún tó ní kò dáa bá èyí táwọn àgbẹ̀ pè ní ọdún tí kò dáa mu?
- Ṣé odò inú mọ́dẹ̀lì gbẹ nínú oṣù tí odò gidi gbẹ?
- Tẹ́ ẹ bá fi òjò 0 sí i, ṣé irè di 0? Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ti ya nínú fọ́múlà.

Ìgbésẹ̀ 10: "Tó bá wá rí báyìí ńkọ́?"

Ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tó yí wọn pọ̀.

1. Ẹ ti òjò sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì.
2. Ẹ fi ìwọ̀n 1.5 (°C) kún ooru.
3. Ẹ sọ owó epo di ìlọ́po méjì.
4. Ẹ fi àwọn tó ń lo odò kún un.

Tẹ́ ẹ bá ṣe ìkejì, ó lè yà yín lẹ́nu pé omi tó ń gbẹ ò pọ̀ sí i ju bíi 3 nínú 100 lọ tó bá jẹ́ fọ́múlà Hargreaves, èyí tó ń fi ooru ṣírò òpó C, lẹ lò. Ẹ má fìyẹn sọ pé ooru ò ṣe nǹkan kan. Tòmátì máa ń gbọn òdòdó dànù tí òru bá móoru jù, fọ́múlà omi ò sì rí ìyẹn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Kí wọ́n ka omi kan lẹ́ẹ̀mejì: omi tó wà ní òpó G, wọ́n tún kà á sí ti odò.
- Kí wọ́n da hẹ́kítà pọ̀ mọ́ éékà. Hẹ́kítà kan ò pé éékà méjì àtààbọ̀, ó fi díẹ̀ ráńpẹ́ dín.
- Kí owó ọjà má yí látọdún dé ọdún nínú mọ́dẹ̀lì.
- Kí wọ́n kọ ìdáhùn bíi ₦537,412.63. Ẹ sọ pé "láàárín ₦450,000 sí ₦600,000", òótọ́ nìyẹn.
- Kí wọ́n fi software ńlá bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó yàwòrán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ju Excel lọ

AquaCrop ti FAO dáa fún ọ̀gbìn àti omi, ọ̀fẹ́ ni. DSSAT jinlẹ̀ jù ú lọ, ó sì ń béèrè détà ilẹ̀ tó pọ̀. Fún odò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín, WEAP ló dáa, ilé ẹ̀kọ́ àti àjọ tí kì í ṣe ti èrè nílẹ̀ wa lè bẹ̀bẹ̀ fún un láìsanwó. Fún ọfà tó ń yípo, Vensim PLE tàbí Insight Maker, ìkejì yìí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́, fóònù náà lè ṣí i ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ á kéré.

Tí ò bá sí laptop, tí ò sí iná

Ẹ lo ẹ̀wà. Ẹ pe gbogbo àwọn tó ń lo odò jọ sábẹ́ igi, ẹ gbé abọ́ kan sáàárín wọn. Ẹ̀wà kan jẹ́ omi tó tó oko kan fún ọjọ́ kan. Fún oṣù kìíní, ẹ ka 34 sí i, kí ẹni méjìlá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí oko wọn ṣe tò láti òkè odò wá sísàlẹ̀, ẹ̀wà á ṣẹ́ kù. Fún òpin oṣù kejì, ẹ ka 8. Ẹ má sọ nǹkan kan. Tí ẹni kẹsàn-án bá nawọ́ tó bá abọ́ lófìfo, ẹ kàn máa wo ojú ẹni tó mú àkọ́kọ́. Àwọn tiwa lo bí ìdajì wákàtí lórí abọ́ yẹn, wọ́n sì fúnra wọn to ọjọ́ Mọ́ńdè, Wẹ́sídeè àti Fráídè fún àwọn tòkè, Túsìdeè, Tọ́sìdeè àti Sátidé fún àwọn tìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo padà sílé lọ fi sínú Excel.